Ìkookò Mẹ́jọ Lórí Tábìlì Ọjọ́bọ̀

Stromness, Orkney
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 1994

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Bí mo ṣe mọ ilé wa, yìnyín á ti dé ẹsẹ̀ fèrèsé báyìí, ẹ ó sì ti máa bá ẹ̀rọ tí ẹ fi ń kó o jà látàárọ̀. Níbí, yìnyín kò pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jọba. Lánàá ó já fìlà gbà lórí mi, ó sì gbé e lọ sínú òkun níṣojú mi. Fìlà tí Mọ́mì hun ni. Ẹ má tíì sọ fún wọn.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé. Dókítà ẹran tí mo ń bá ṣiṣẹ́, Màdáámù Isbister, kì í sọ̀rọ̀ àfi tí màlúù bá ta á nípàá. Àwọn àgbẹ̀ ibí máa ń bi mí pé ibo ni Wisconsin wà. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì ni. Ni wọ́n bá gé tiwọn fún mi, wọ́n ń wojú mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ti parọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé tiwọn dùn ju tiwa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé àpò dáìsì mi sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ó máa ju tèmi fún mi lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń wá wọn. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì kún un. Ilẹ̀ tí àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ, èmi ò mọ ìdí tí ìbọ̀sẹ̀ fi wọ́n níbẹ̀. Báwo ni Ọ́ńkù Norbert? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ ti ilé iṣẹ́ bọ́tà tí Ọ́ńkù ti ń ṣiṣẹ́ pa?

Ọ̀rọ̀ eré wa ló kù, eré ìtàn tí ẹ ń darí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí oníkálukú wa ń ṣe akọni kan nínú rẹ̀, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí pé kí n tó lọ, Wilmet, àwòrò igbó tí mo máa ń ṣe, ti gòkè dé ipele karùn-ún. Àwòrò tó bá dé ibẹ̀ lè yan ọfọ̀ ńlá kan. Mo ti yan tèmi: Ìpè Agbo. Tí Wilmet bá pè é, ẹranko mẹ́jọ máa jáde láti inú igbó, wọn á bá a jà títí ìjà á fi parí. Ìkookò ni mo fẹ́, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ dá wọn sílẹ̀ fún mi lórí afárá tí eré wa dúró sí, ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ yín. Ẹ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, àní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo ń sunkún pé kí ẹ rẹ́ àwọn yòókù jẹ nítorí mi.

Ọmọ yín,
Britta


Viroqua, Wisconsin
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní

Britta ọmọ mi,

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ kà á, nítorí náà ó ti gbọ́ nípa fìlà. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àti pé o kọ ojú ìwé méjì gbáko láìsọ ohun tí ò ń jẹ. Dáìsì rẹ àti ìbọ̀sẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ bọ́tà pa láti ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Norbert ò tíì ríṣẹ́. Ó wá bá mi tún gáréèjì ṣe, gáréèjì tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo jẹ́ kó tún un ṣe.

Lánàá a ka lẹ́tà rẹ lórí tábìlì. Lorraine aládùúgbò wa rò pé ibi tó kan eré nìkan la máa kà, àfi ìgbà tí mo rán an létí òfin tí a ṣe nígbà tí Norbert ń ṣe sójà ní Jámánì: ẹni tí kò sí nílé á kọ lẹ́tà, a ó kà á sókè láti ìkíni dé ìfọwọ́sí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Ó gbà. Ó rẹ́rìn-ín ní ibi wàràkàṣì.

Ọmọ, ká ní o wà níbẹ̀! Òmìrán márùn-ún ló dí afárá náà. Mo to bọ́tìnnì dúdú mẹ́jọ sórí máàpù, èyí tí mo já lára kóòtù àtijọ́ ìyá rẹ (kò tíì mọ̀), mo ní ìkookò nìyẹn. Ìyípo méjì péré, kí dáìsì yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òmìrán ti wà nínú odò. Kí Gorm, jagunjagun Norbert, tó fa idà yọ, gbogbo rẹ̀ ti parí. Norbert fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ìran ni wọ́n ní kí òun wá wò. Mo ní kó máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Sọ̀rọ̀ sí i nípa àwọn ìkookò náà. Bọ́tìnnì lásán ni mo ń tì kiri, n ò mọ ìwà èyíkéyìí nínú wọn. Ṣé wọ́n lórúkọ? Ta ló nígboyà, ta ni ojo? Kọ ọ́ gùn dáadáa, má ṣahun.

Bàbá rẹ,
Arlen


Stromness
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Dádì mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Dáìsì dé, ìbọ̀sẹ̀ dé, ọ̀kan ti wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí èkejì ṣì ń gbẹ lórí sítóòfù. Ẹ sọ fún Mọ́mì pé ẹja ni mò ń jẹ, àti ọ̀dùnkún, àti ẹja.

Ẹ ní kí n má ṣahun, mi ò ní ṣahun. Ìkookò kìíní ń jẹ́ Mansie. Mo fi orúkọ àgbẹ̀ kan sọ ọ́, èyí tó máa ń dúró lẹ́nu géètì títí ẹni tó ń kọjá á fi kí i. Torí náà Mansie kì í kọ́kọ́ kọlu ẹnikẹ́ni, á dúró kí ọ̀tá wá bá òun. Ìkejì ni Inga. Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì bíi ti ajá tí mo di igi mọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ajá náà bù mí jẹ, kò wọlé púpọ̀, ẹ má sọ fún Mọ́mì (Mọ́mì, kò wọlé púpọ̀). Ìkẹta ni Peedie. Òun ló kéré jù, ó sì máa ń sunkún tó bá ku òun nìkan. Ká sòótọ́, èmi ni mo sunkún lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kì í ṣe ìkookò. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó jọ ti Mọ́mì tọ́ọ́tọ́ọ́, ni mo bá dúró sídìí ọ̀dùnkún bíi dìndìnrìn títí ó fi sanwó tó sì lọ. Ó ti tán.

Àwọn márùn-ún yòókù wà ní ojú ìwé kejì dé ìkarùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ju dáìsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ohun tí mo kọ nípa rẹ̀, kí ó lè hùwà bó ṣe yẹ kó hù. Mi ò fẹ́ kí Inga máa sáré.

Ẹ bá mi kí Ọ́ńkù Norbert. Ẹ sọ fún un pé kí Gorm tètè máa fa idà yọ.

Britta


Viroqua
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Britta ọmọ mi,

Ilé wà, a wà. Fìlà tuntun wà nínú àpò yìí. Ìyá rẹ ran okùn mọ́ ọn tí wàá so sábẹ́ àgbọ̀n, ó ní kí o má ronú pé o ti dàgbà jù fún un.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Mo ti dá Ìpè Agbo dúró.

Lánàá, àwọn jàgùdà dá wa lọ́nà lórí òkè. Wilmet pe agbo, bí o ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo ju gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a wọ ìyípo kẹta, Norbert dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní, “Ẹ bá mi kí àwọn ìkookò,” ó sì wakọ̀ lọ sílé nígbà tí ìyá rẹ ń gé páì lọ́wọ́. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó dìde lórí tábìlì mi rí kí ìjà tó parí.

Lorraine ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìyípo mẹ́ta, àwọn ìkookò rẹ kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún. Oṣó tirẹ̀ ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, Gorm lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Ó ní ẹni tó kọ ọfọ̀ yẹn sínú ìwé òfin eré kò bá èèyàn jókòó ṣeré rí láyé rẹ̀. Ẹni kan ò yẹ kó ní ọwọ́ mẹ́jọ níbi tí àwọn tó kù ti ní ẹyọ kan.

Mo ti lẹ bébà mọ́ ojú ìwé tí ọfọ̀ náà wà, títí a ó fi dìbò. Kọ ìbò rẹ sínú àpòòwé ọ̀tọ̀, n ò ní ṣí i àfi lójú gbogbo wọn. Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ọfọ̀ lásán ni.

Bàbá rẹ,
Arlen


Stromness
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta

Dádì,

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì fún fìlà. Mo so okùn rẹ̀, Màdáámù Isbister sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ ní ọfọ̀ lásán ni. Tó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí ẹ fi bébà bò ó? Ní oṣù Kọkànlá, oṣó Lorraine fi iná ẹyọ kan jó ewèlè méjìlá nínú ihò kan ṣoṣo. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé orin láti ṣírò. Ìkookò mi kan kò lágbára ju ajá ìta lọ. Ọfà kan ṣoṣo tó bá ba Wilmet, ọkàn rẹ̀ á tú ká, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á pòórá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń darí àwọn ọ̀tá. Ẹ ní tafàtafà. Kí ló dé tí ẹ ò ta á lọ́fà? Tí ọfọ̀ bá le jù, olùdarí eré tó mọṣẹ́ á wá nǹkan ṣe sí i nínú eré. Ohun tí ẹ kọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí mo wà nílé, tí àríyànjiyàn bá dé, ẹ máa ń ní ká jà á tán lójú ara wa, kódà tí páì bá tutù. Ní báyìí tí mo lọ, ẹ kàn fún mi ní ìròyìn pé ẹ ti parí rẹ̀. Mo rò pé ilé ni mo fi sílẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo fi tábìlì sílẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ti lọ ti lọ nìyẹn, ẹ sọ ọ́ gbangba, ẹ má gba ẹ̀yìn ìkookò sọ ọ́.

Mi ò ní dìbò. Ẹ kó Wilmet sínú àpótí.

Britta


Stromness
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin

Dádì,

Àgùntàn ń bímọ lọ́wọ́ níbí, ara gbogbo mi ń run àgùntàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, n ò rí lẹ́tà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí débi pé láti ẹnu géètì ló ti ń mi orí kí n má baà yọ wá lásán.

Mo kọ̀wé sí yín bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo fẹ́ gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ibi tafàtafà, òótọ́ nìyẹn. Ibi tó tẹ̀ lé e ni.

Tí ara yín ò bá yá, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì kọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí ẹ dákẹ́.

Britta


Viroqua
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin

Britta,

Èmi Norbert ni. Má jẹ́ kí àyà ẹ já, kò sẹ́ni tó kú. Bàbá ẹ ń jẹun, ó ń bá ìyá ẹ jà lórí ẹ̀rọ yìnyín tó yẹ kó ti gbé pamọ́, gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Lẹ́tà mẹ́rin ló ti kọ sí ẹ, ó sì fà wọ́n ya. Ìyá ẹ ló ń rí wọn nínú garawa ìdọ̀tí, ó wá ní kí èmi kọ ọ́, torí òun ò lè dá sí ọ̀rọ̀ ìkookò.

Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ nípa ọjọ́ tí mo dìde yẹn, kì í ṣe òótọ́ tán. Agbára ìkookò kọ́ ló lé mi.

Látìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ pa, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ń retí kí n ṣe nǹkan kan. Mo máa ń di dáìsì mi mú, màá máa retí kó kàn mí. Lọ́jọ́ yẹn kò kàn mí, kò kàn mí. Mo wá bọ́ aago ọwọ́ mi sórí itan. O mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń di bọ́tà sínú bébà, kò sí nǹkan tí mi ò lè fi aago wọ̀n. Láti ju dáìsì mẹ́jọ, kí a ti bọ́tìnnì mẹ́jọ, kí a ka iye ẹni tó fara gbọgbẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Mo wọ̀n ọ́n ní ìyípo kìíní, mo wọ̀n ọ́n ní ìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé. Ṣùgbọ́n ìyípo kan ń gbà tó ìdajì wákàtí.

Kí ló ń jẹ èyí tó kù? Bàbá ẹ ń ka lẹ́tà ẹ. Ìwọ lo ní kó ka ìwà ìkookò kọ̀ọ̀kan kó tó ju dáìsì rẹ̀. O rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ó ń kà á ní gbogbo ìyípo, Britta, ìkookò kan tẹ̀ lé òmíràn, láti orí dé ìdí, àti ajá tó bù ẹ́ jẹ, àti àgbẹ̀ ẹnu géètì, gbogbo ẹ̀. Tó bá ti kan èyí tó ń sunkún, tó dé ibi ṣọ́ọ̀bù yẹn, á bọ́ awò ojú ẹ̀, á ní èéfín tíì ló bò ó. Kò sí tíì lórí tábìlì. Lorraine wò mí, mo wo Lorraine. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé, “Arlen, ó tó”? Torí náà Lorraine gbé ìwé orin, ó ń ṣírò ìkookò. Ó rọrùn láti fẹ̀sùn kan ọfọ̀. Èmi ò lè fẹ̀sùn kan ohunkóhun, mo kàn wọ kóòtù mi.

Mo bínú, mi ò ní purọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀ pé bàbá ẹ náà mọ̀. Ẹni tó ń darí eré láti ọdún mẹ́rìnlá mọ ìgbà tí ẹnì kan ń gba àsìkò ẹlòmíràn. Òun ló ń gbà á fún ẹ.

A ò tíì ṣe eré látìgbà náà. Bàbá ẹ á tẹ́ máàpù sílẹ̀, á ká a, a ó ta káàdì. Lorraine máa ń jẹ wá, inú ẹ̀ kì í sì í dùn sí i.

Ṣe nǹkan kan. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú gbogbo wa, àwa yòókù ń wo ilẹ̀ ni.

Ọ́ńkù ẹ tí kò níṣẹ́,
Norbert


Stromness
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Sí tábìlì Ọjọ́bọ̀, kí ẹ kà á sókè:

Mo kí gbogbo yín, mo sì kí Mọ́mì tó ń gbọ́ láti ìdí sítóòfù. Ara mi le, ẹja ni mò ń jẹ.

Ìbò mi nìyí, mo sì fi í gbe Lorraine. Bí a ṣe ń ṣe Ìpè Agbo, ó le jù. Mi ò sọ pé eyín ìkookò le. Ohun tó ti jẹ jù ni àsìkò àwọn tó jókòó. Kò sí ìṣẹ́gun kankan tó dùn tí ọ̀rẹ́ ẹni bá di dáìsì mú fún wákàtí kan láìjù ú. Èmi ni mo kọ ojú ìwé márùn-ún, ẹ̀bi mi ni.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe rèé, tí ẹ bá gbà. Ìkookò mẹ́jọ á di agbo kan, bọ́tìnnì kan, dáìsì kan, ìkọlù kan. Wọn ò ní dá lọ bá ọ̀tá. Ẹni tí Gorm bá kọ́kọ́ kọlù ni wọ́n máa kọlù. Ọ́ńkù Norbert ni kó máa ju dáìsì wọn, Dádì ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó. Tí ọfà bá ba Wilmet, kí wọ́n pòórá, kí ẹ má ṣàánú rẹ̀.

Lẹ́tà tábìlì ò ní kọjá ìdajì ojú ìwé mọ́ láti ọwọ́ mi. Lorraine lè fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Britta, àti Wilmet tó ti jáde nínú àpótí


Ọjọ́ kan náà. Fún Dádì nìkan.

Dádì mi,

Òfin tábìlì ò dé inú àpòòwé yìí. Kò sí ìkookò kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ẹ máa kà á fún.

Ọ́ńkù Norbert kọ̀wé sí mi. Ẹ má bá wọn jà. Mo ka lẹ́tà wọn nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kan, pẹ̀lú ọmọ àgùntàn kan lórí itan mi tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Mo rò pé ẹ ti ń lé mi kúrò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí n dákẹ́ ni. Kí ni kí n sọ? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, ọmọ àgùntàn náà jẹ bọ́tìnnì mi.

Màá máa kọ irú èyí sí yín ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lè gùn, ó lè kúrú. Kò ní sí ogun nínú rẹ̀. Ẹ ò ní láti dúró de Ọjọ́bọ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohùn mi, ẹ ò sì ní láti yá a lọ́wọ́ àsìkò ẹnikẹ́ni.

Èmi náà fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ bi mí bóyá ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹ ní ẹ ń lọ wo ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi. Ṣé ẹ̀ ń bínú pé mo lọ? Tí ẹ bá ń bínú, mo ṣì fẹ́ mọ̀.

Britta


Viroqua
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún

Britta ọmọ mi,

Kí n sọ ti tábìlì ná, torí òun ló rọrùn. A dìbò lánàá. Gbogbo wa gbà á. Lorraine mú rúlà wá lóòótọ́. Norbert ju dáìsì olójú ogún fún agbo, ó bọ́ sí mọ́kàndínlógún, ó dìde dúró, ó tún jókòó bíi pé ìtìjú mú un. Gorm àti àwọn ìkookò rẹ lé ọ̀gá jàgùdà títí dé etí odò. Ìyípo márùn-ún la ṣe kí páì tó jáde, kò sì sẹ́ni tó wo aago. Norbert ti ríṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to pákó, àmọ́ ó ní òun ò ní gba ti Ọjọ́bọ̀.

Ó yá. Ìyá rẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àárọ̀ ni, mo ti gé koríko tán, n ò ní àwáwí mọ́.

N ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà yìí. Ọmọ ogójì ọdún ni mí kí n tó sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní, “Ó dáa, bá mi mú òòlù yẹn wá.” Mo mú un wá. Ìdílé tí o ti wá nìyẹn, o ò lè yí i padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo bínú. Mo sọ fún gbogbo ará ìlú pé orí mi wú, orí mi sì wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ láti pápákọ̀ mo kọjá ìyànà ilé wa láìmọ̀, mo wakọ̀ dé ìlú kejì. O bi ọ̀gá rẹ bóyá kí o lọ, o bi pásítọ̀, àwa, o kàn sọ fún wa ni. Mo rí bí o ṣe ń di ẹrù, tí ò ń kọrin, mo ní ọmọ yìí mà ń lọ láìwẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mo lọ wò, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé, èyí tí o ti sọ pé o dúró nídìí ọ̀dùnkún nítorí ohùn ìyá rẹ. Mo wá mọ̀ pé o wẹ̀yìn. Ohun tí mo ń kà lákàtúnkà nìyẹn, Britta. Mo ń fi àsìkò Norbert kà á, mo sì mọ̀ pé mò ń fi í kà á. Ìbínú ti tán láti ọjọ́ náà. Àárò rẹ ló kù, n ò sì retí pé kí ó tán.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àga rẹ, èyí tó kọ ẹ̀yìn sí sítóòfù, kò sẹ́ni tó jókòó lé e láti oṣù Kejìlá. Lorraine gbé báàgì sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kúrò. Lánàá mo ní kí Norbert bọ́ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tó àárín máàpù, òun ló sì ń darí agbo báyìí. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní kó jókòó.

Tí o bá wálé, á dìde fún ọ. Tí kò bá dìde, wá jókòó sí tèmi.

Bàbá rẹ,
Arlen